Báwo la ṣe lè ya iṣẹ́ ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àṣà nínú ìgbésí ayé àwùjọ?

Olùkọ́_Àyíká béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ní girama, lórí bí ilẹ̀, omi, ojú ọjọ́ àti àṣà ṣe ń sọ àwùjọ di ohun tó dà. Ohun tó wà nínú ìwé wọn kò ju gbólóhùn méjì lọ: ojú ọjọ́ ló ń pinnu iṣẹ́ àwọn èèyàn, àṣà ló ń pinnu ìwà wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti há a sórí, ó parí nìyẹn. Kò sí èyí tó lè sọ ọ̀nà tí odò gbà ń di òfin, tàbí ọ̀nà tí òkè gbà ń pín èdè.

Ohun mẹ́ta ni mo ń wá. Àpẹẹrẹ tó ṣeé yẹ̀ wò fínnífínní, níbi tó jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, tàbí àṣà nìkan. Àlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí "ó nípa lórí" ti sú mi. Àti ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Ẹ má jẹ́ kó kúrú o.

Baba_Ìtàn:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kí n tó mú àpẹẹrẹ wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí: ilẹ̀ ló ń dá iye lé ọjà, àṣà ló ń ná an. Ilẹ̀ kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń mú kí àwọn ohun kan rọrùn, kí àwọn mìíràn gba agbára, kí àwọn kan má sì ṣeé ṣe rárá. Nínú èyí tó bá ṣeé ṣe, ohun tí àwọn èèyàn ti kọ́, tí wọ́n ti sọ di òfin, tí wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ wọn, ló ń sọ èyí tí wọ́n máa mú.

Ọ̀nà mẹ́ta la fi lè dán an wò. Ẹ mú ìran kan tó tú ká sórí oríṣiríṣi ilẹ̀. Ẹ mú ìran méjì tó gbé orí ilẹ̀ kan náà. Tàbí kí ẹ mú ìran kan lórí ilẹ̀ kan, tí wọ́n wá pín sábẹ́ ìjọba méjì.

Ti àkọ́kọ́, mi ò mọ èyí tó dà bí àwọn ará Polynesia nínú Òkun Pàsífíìkì. Orísun èdè wọn jẹ́ ọ̀kan, ọkọ̀ ojú omi wọn jọra, irúgbìn àti ẹran kan náà ni wọ́n sì ń kó dání: kókò, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, ẹlẹ́dẹ̀, ajá, adìyẹ. Ní Hawaii, irúgbìn náà gbilẹ̀, omi òkè pọ̀, wọ́n la ipa omi wọnú oko kókò, èèyàn pọ̀ sí i, àwọn olóyè alágbára sì dìde. Àwọn tó dé Aotearoa, ìyẹn New Zealand, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, bá òtútù pàdé. Àgbọn ò hù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò hù. Ànàmọ́ ló gbé wọn ró, òun náà ò sì rọrùn. Bí ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí bá tutù jù, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Bó bá móoru jù, á hù. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀, á jẹrà. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ kòtò sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun díẹ̀ kí omi má bàa dúró níbẹ̀, wọ́n la ojú àgbàrá yí i ká, wọ́n kọ́ òrùlé lé e, wọ́n sì ṣa èyí tó ti fara gbọgbẹ́ kúrò kó má bàa kó bá ìyókù. Wọ́n tún ń ru yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lọ da sínú oko kí ilẹ̀ lè gba ooru. Níbi tí òtútù ti wá le jù ní ìhà gúúsù, kò sí oko mọ́: ọdẹ, ẹja àti ohun tí wọ́n ń ṣà ni wọ́n ń jẹ, wọn ò sì pọ̀.

Àwọn kan tún kọjá lọ sí erékùṣù Chatham, ní nǹkan bíi 800 kìlómítà sí ìlà-oòrùn New Zealand. Àwọn la mọ̀ sí Moriori. Kò sí ọ̀kan nínú irúgbìn wọn tó hù níbẹ̀. Wọ́n di apẹja àti ọdẹ, wọn ò pọ̀, wọn ò sì ní olóyè ńláńlá. Títí débí, ilẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní òfin kan, òfin Nunuku, tó ka pípa èèyàn léèwọ̀. Nígbà tí àwọn Māori, ìyẹn ìran àwọn tó kù sí New Zealand, ya bò wọ́n lọ́dún 1835, àwọn Moriori pe ìgbìmọ̀ jọ, wọ́n jíròrò, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní rú òfin náà nítorí ogun. Ìparun ńlá ló bá wọn. Ilẹ̀ ló sọ ìdí tí wọn kò fi pọ̀ àti ìdí tí wọn ò fi ní ọmọ ogun. Kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi pinnu pé àwọn ò ní jà.

Ti ìkejì ni Greenland, erékùṣù yìnyín ńlá ní àríwá ayé. Àwọn ará Norse, ìyẹn ìran àwọn ará Scandinavia, wá láti Iceland ní nǹkan bí ọdún 985, pẹ̀lú màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Àwọn Inuit dé láti ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn wọn. Àwọn Norse ń gé koríko gbígbẹ pamọ́ de ìgbà òtútù, wọ́n sì ń ta eyín walrus, ẹranko òkun ńlá kan, sí Yúróòpù. Àwọn Inuit ní ọkọ̀ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní kayak, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúgọ síbi ihò tí síìlì, ẹranko inú òkun, fi ń mí lórí yìnyín láàárín ìgbà òtútù. Àkọsílẹ̀ ìkẹyìn tó dájú nípa àwọn Norse níbẹ̀ ni ìgbéyàwó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Hvalsey lọ́dún 1408. Nínú ọ̀rúndún kan náà, wọ́n pòórá. Àwọn Inuit wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé agídí ló pa àwọn Norse, pé wọn ò fẹ́ jẹ ohun inú òkun. Egungun wọn ò gbà bẹ́ẹ̀: àyẹ̀wò fi hàn pé bí ọdún ti ń gorí ọdún, oúnjẹ òkun ń pọ̀ sí i nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n yí padà, àmọ́ kò kan gbogbo ibi tó yẹ. Wọn ò mú ọgbọ́n ihò yìnyín. Lẹ́sẹ̀ kan náà, òtútù ń le sí i, Yúróòpù sì ń rí eyín erin rà láti Áfíríkà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú okùnfà kan ṣoṣo wá, ẹ dá a padà.

Ti ìkẹta ni Kòríà. Èdè kan, ìran kan, àṣà kan fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí wọ́n tó la ilẹ̀ náà sí méjì ní ìlà 38 lọ́dún 1945. Àríwá ló ní iná mànàmáná àti ilé iṣẹ́ ńlá púpọ̀ jù nígbà náà, gúúsù ló ní ilẹ̀ ìrẹsì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn lónìí kò jọ ohun tí ilẹ̀ ì bá sọ tẹ́lẹ̀. Ìjọba àti òfin ló kù.

Atọ́sẹ̀_Omi:

Baba, ẹ ṣeun. Ní ti ọ̀nà tí odò gbà ń di òfin, omi ni kí Olùkọ́ lò, torí ó ṣeé rí lójú.

Ẹ fi odò Náílì àti odò méjì ti Ìráàkì wéra. Òjò tó ń rọ̀ sórí òkè Etiópíà ló ń mú Náílì kún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gbígbóná. Omi náà á bo oko, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, á fọ iyọ̀ lọ, á sì fà sẹ́yìn ní àkókò tó yẹ kí wọ́n gbin ọkà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ju kó dá omi dúró díẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù wọn ni bí omi yóò ṣe ga tó. Wọ́n mọ òpó ìwọ̀n omi sí etídò. Èyí tó wà ní erékùṣù Roda ní Cairo ti wà láti ọdún 861. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbọ̀nwọ́ 12 túmọ̀ sí ebi, 13 sí àìtó, 14 sí ìdùnnú, 15 sí ìfọ̀kànbalẹ̀, 16 sí ayọ̀ ńlá. Ẹni tó bá ka òpó yìí ti mọ iye ọkà tó ń bọ̀, ó sì ti mọ iye owó orí tó lè bù. Báyìí ni odò ṣe di ìwé ìṣirò ìjọba.

Tigris àti Euphrates yàtọ̀ sí èyí. Yìnyín òkè ló ń yọ́ sínú wọn, omi sì ń dé nígbà ìrúwé, nígbà tí ọkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó. Ó dé nígbà tí wọn ò fẹ́ ẹ, kò sì sí nígbà tí wọ́n ń gbin ọkà. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ògiri láti lé e, kí wọ́n sì la ipa omi láti pè é. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi kì í ṣàn kúrò dáadáa, oòrùn á fà á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Àlìkámà kò fara da iyọ̀, ọkà bálì fara dà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí bálì fi ń gba ipò àlìkámà lọ́pọ̀ ibi ní gúúsù Mesopotamia, ìyẹn ilẹ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì. Bí àgbẹ̀ kò bá jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi kí iyọ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, oko á funfun. Bí ọba bá fẹ́ ọkà sí i lọ́dọọdún, tó ní kí wọ́n má fi ilẹ̀ sinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa ilẹ̀ náà.

Láti inú irú èyí ni Karl Wittfogel, onímọ̀ ìtàn kan, ti sọ lọ́dún 1957 pé omi ìrinko ńlá ló ń bí ìjọba apàṣẹwàá. Ẹ má fi kọ́ àwọn ọmọ láìfi Bali tì í.

Ní Bali, ní Indonéṣíà, oko ìrẹsì wà lára òkè bí àtẹ̀gùn, omi ń ti oko òkè bọ́ sí tìsàlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń mu omi láti orísun kan náà ń dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní subak, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń pàdé ní ilé òrìṣà omi. Ohun tí wọ́n ń yanjú níbẹ̀ rèé, ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìrẹsì máa ń gba omi jù nígbà tí wọ́n bá ń fi omi kún oko láti gbìn. Bí gbogbo òkè bá gbìn lọ́jọ́ kan, omi ò ní í tó, àwọn tìsàlẹ̀ ló sì máa jìyà. Bí wọ́n bá wá fi ọjọ́ gbígbìn síra, omi á tó, àmọ́ ìrẹsì tútù á máa wà nínú oko kan tàbí òmíràn nígbà gbogbo, kòkòrò àti eku á sì máa ṣí láti oko dé oko. Ohun tó ń pa kòkòrò ni kí gbogbo àdúgbò kórè pa pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí oko ṣófo, kí ebi pa kòkòrò náà kú.

Ẹni tó wà lókè ló ni agbára omi, ìbẹ̀rù kòkòrò ló sì ń bá a. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní agbára omi, ṣùgbọ́n bí kò bá bá ẹni òkè gbìn lásìkò kan náà, kòkòrò tó bá sá kúrò lókè á rí ibi fara pamọ́ sí lọ́dọ̀ rẹ̀, á sì tún padà sókè. Nítorí èyí ni ẹni òkè fi ń gbà láti fi omi sílẹ̀. Kò sí ọba tó ń pín omi náà. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ 210, ẹbọ ilé òrìṣà àti ìpàdé àwọn àgbẹ̀ ló ń ṣe é.

Ní ọdún 1970 sí 1979, ìjọba ní kí àwọn àgbẹ̀ gbin irúgbìn tuntun tó ń yára dàgbà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ti lè gbìn ín, láìka kàlẹ́ńdà ilé òrìṣà sí. Kòkòrò bo oko, omi dìjà. Stephen Lansing, onímọ̀ nípa àṣà, àti James Kremer fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe odò méjì níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n àjọṣe tí àwọn ilé òrìṣà ń lò ló ń mú ìkórè pọ̀ jù: bí ẹgbẹ́ tó ń gbìn pa pọ̀ bá kéré jù, kòkòrò á borí; bó bá tóbi jù, omi ò ní í tó. Lọ́dún 2012, UNESCO fi subak sára àwọn ogún àgbáyé.

Netherlands tún jẹ́ irú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn ló wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n òkun. Ìgbìmọ̀ omi Rijnland ti ní ìwé àṣẹ láti ọdún 1255. Ìgbìmọ̀ omi 21 ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń dìbò yan ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú wọn, wọ́n sì ń gba owó orí tiwọn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá fi apá tirẹ̀ lára ògiri omi sílẹ̀ láìtún un ṣe, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé bo gbogbo àdúgbò. Àbójútó ìgbàkígbà di òfin. Ẹ má gbàgbé pé àwọn fúnra wọn ló mú ilẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ewéko jíjẹrà tó fa omi mu, bí wọ́n bá ti fa omi rẹ̀, ó ń gbẹ, ó ń jó rẹ̀yìn, ó ń rì, wọ́n á tún ní láti fa omi sí i. Lọ́dún 1953, omi òkun já wọlé, ó sì pa èèyàn 1,836 níbẹ̀.

Fẹ̀rí_Hàn:

Ẹ̀gbọ́n Atọ́sẹ̀, ẹ kú àlàyé. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni bí a ṣe ń fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ oko lè yí ìrònú èèyàn padà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àhesọ.

Oko ìrẹsì inú omi ń gba iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àlìkámà, ipa omi sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Lọ́dún 2014, Thomas Talhelm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán akẹ́kọ̀ọ́ 1,162 wò ní Ṣáínà, gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà Han. Gúúsù odò Yangtze jẹ́ ilẹ̀ ìrẹsì, àríwá rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ àlìkámà. Nínú ìdánwò kan, wọ́n fún wọn ní ohun mẹ́ta: rélùwéè (ọkọ̀ náà), bọ́ọ̀sì, ojú irin (ọ̀nà tí rélùwéè ń gbà). Èwo ni méjì tó bára mu? Ẹni tó mú rélùwéè àti bọ́ọ̀sì ń wo irú tí nǹkan jẹ́. Ẹni tó mú rélùwéè àti ojú irin ń wo àjọṣe wọn. Àwọn ará ilẹ̀ ìrẹsì mú àjọṣe jù. Nínú òmíràn, wọ́n ní kí kálukú ya ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òbìrí. Àwọn ará ilẹ̀ àlìkámà ya ara wọn tóbi ju ọ̀rẹ́ wọn lọ, àwọn ará ilẹ̀ ìrẹsì kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó wà níbẹ̀ lágbára. Kì í ṣe irúgbìn nìkan ló yàtọ̀ láàárín àríwá àti gúúsù. Òtútù yàtọ̀, ìtàn ogun yàtọ̀, àríwá sún mọ́ àwọn darandaran. Ó sì lè jẹ́ pé irú èèyàn kan ló yan oko kan. Ohun tó mú mi gbà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024. Ní Ningxia, ní àríwá Ṣáínà, ìjọba dá oko méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1949, ọ̀kan ń gbin ìrẹsì, èkejì ń gbin àlìkámà, kò ju nǹkan bíi 56 kìlómítà lọ láàárín wọn. Ìjọba ló pín àwọn èèyàn síbẹ̀, wọn ò fúnra wọn yàn. Ojú ọjọ́ kan náà, ìjọba kan náà. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà hàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìpíndọ́gba la ń sọ o; ẹ ò lè wo ojú ẹnì kan kí ẹ sọ pé torí ìrẹsì ló ṣe ń ronú báyìí.

Ẹ fi ti ohun ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà kún un. Ester Boserup ló sọ lọ́dún 1970 pé ohun ìtúlẹ̀ ń pín iṣẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Alesina, Giuliano àti Nunn, sì dán an wò lọ́dún 2013. Ọkọ́ kò yàn láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Ohun ìtúlẹ̀ ń gba agbára apá láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ àti láti ṣàkóso ẹran, ó sì ṣòro láti dì í mú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ilẹ̀ tó dára fún àlìkámà, bálì àti ráì ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ti bàbà àti jéró kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Níbi tó ti gbilẹ̀, iṣẹ́ oko di ti ọkùnrin, ilé di ti obìnrin, ó wá di ohun tí wọ́n gbà pé ó tọ́. Lónìí, àwọn obìnrin tí àwọn baba ńlá wọn lo ohun ìtúlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níta ilé tó àwọn yòókù, kódà láàárín ọmọ àwọn tó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọn ò rí oko rí. Ilẹ̀ bí irúgbìn, irúgbìn bí irin iṣẹ́, irin iṣẹ́ bí pípín iṣẹ́, pípín iṣẹ́ bí ìgbàgbọ́. Irin iṣẹ́ ti lọ, ìgbàgbọ́ ṣì wà.

Olùkọ́_Àyíká:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì tún kù. Kí ni kí n sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ooru ló ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ? Ọ̀rọ̀ eṣinṣin tsetse wá ńkọ́, ṣé kì í ṣe ojú ọjọ́ náà ni?

Baba_Ìtàn:

Ti ooru yẹn ti pẹ́. Aristotle sọ pé òtútù ń mú kí èèyàn láyà ṣùgbọ́n kó má gbọ́n, ooru ń mú kó gbọ́n ṣùgbọ́n kó má láyà, àwọn Gíríìkì tó wà láàárín ló sì ní méjèèjì. Montesquieu ti ilẹ̀ Faransé fi ahọ́n àgùntàn sínú yìnyín, ó rí i pé àwọn kókó kéékèèké ojú ahọ́n náà súnkì, ó sì fi ìyẹn sọ pé ará ilẹ̀ tútù kì í tètè mọ nǹkan lára. Ẹ wo bí ibi tó dára jù ṣe máa ń bọ́ sí àgbègbè ẹni tó ń kọ̀wé.

Ìdánwò tó ń fọ́ ọ rọrùn: ooru kì í kúrò lójú kan. Bó bá jẹ́ òun ni okùnfà, àbájáde rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa yí padà. Ṣùgbọ́n inú ooru Mesopotamia ni ìwé kíkọ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 3200 ṣáájú Kristi, nígbà tí kò sí lẹ́tà kankan ní àríwá Yúróòpù. Singapore kò ju nǹkan bí ìwọ̀n kan àti díẹ̀ lọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ẹ sì wo bó ṣe lọ́rọ̀ tó. Ohun tí kì í yí padà kò lè dá ṣàlàyé ohun tó ń yí padà.

Tsetse yàtọ̀, torí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é hàn. Ó ń gbé inú igbó ṣíṣú àti ibi ọ̀rinrin, ó ń gbé kòkòrò àìsàn tó ń pa ẹṣin àti ọ̀pọ̀ màlúù. Irú màlúù bíi N'Dama ń fara dà á, ó kéré lára. Níbi tó bá wà, kò sí màlúù tó máa fa ohun ìtúlẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ìgbẹ́ ẹran fún oko kò pọ̀, ogun ẹlẹ́ṣin kò sì lè dúró pẹ́. Orí àti ọkọ̀ ojú omi ló ń ru ẹrù. Marcella Alsan, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, yẹ̀ ẹ́ wò nínú iṣẹ́ kan tó jáde lọ́dún 2015: ibi tí ojú ọjọ́ Áfíríkà bá ti bá eṣinṣin náà lára mu, ó rí i pé ẹran ńlá àti ohun ìtúlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, àwọn ìlú kò sì pọ̀. Ó wá wo ibi tó ní irú ojú ọjọ́ kan náà ní ilẹ̀ mìíràn tí eṣinṣin náà kò sí. Kò rí nǹkan náà níbẹ̀. Eṣinṣin ni, kì í ṣe ooru. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, wọ́n tú akọ eṣinṣin tí wọ́n ti sọ di àgàn sílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu títí eṣinṣin náà fi tán ní nǹkan bí ọdún 1997. Ilẹ̀ kan náà, iye tó dá lé màlúù yí padà.

Òkè_Gíga:

Kí n yára fi ti òkè kún un. Ojú ọjọ́ ń tutù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Celsius fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan téèyàn bá gùn. Lórí òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí sọ ìrìn ọjọ́ kan di àárín ojú ọjọ́ mẹ́ta: àgbàdo nísàlẹ̀, ọ̀dùnkún lókè rẹ̀, pápá llama, ẹran ọ̀sìn wọn, lókè pátápátá. John Murra, onímọ̀ nípa àṣà, fi hàn pé àwùjọ kan náà máa ń ní ilẹ̀ àti èèyàn tirẹ̀ ní gbogbo ìpele yìí, kí ẹrù lè máa lọ láàárín ẹbí láìsí ọjà. Òtútù òru wọn náà di irin iṣẹ́: wọ́n á tẹ́ ọ̀dùnkún síta kó dì lóru, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ omi inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sá a sóòrùn, á sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ara èèyàn pàápàá ń yí padà, kì í sì í ṣe lọ́nà kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Andes ní èròjà tó ń gbé ọ́síjìn púpọ̀ ju ti ará ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Ti àwọn ará Tibet kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní irú jíìnì EPAS1 kan tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Denisovan, èèyàn àtijọ́ tí kò sí mọ́.

Ní ti èdè, Papua New Guinea ní èdè tó lé ní 800, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì sọ fún yín pé òkè ló pín wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa Andes. Ibẹ̀ náà dagun bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ èdè Quechua tàn dé ibi púpọ̀, nítorí ìjọba Inka ní ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ajíhìnrere Sípéènì sì tún fi èdè náà wàásù. Òkè ń mú kí ìrìn ṣòro. Bóyá ẹnì kan máa rìn ín, ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Atọ́sẹ̀_Omi:

Olùkọ́, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe fún ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, erékùṣù Hispaniola ni kí ẹ fún wọn. Haiti ní ìwọ̀-oòrùn, Dominican Republic ní ìlà-oòrùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán òjò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, òkè gba òjò púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà Haiti gbẹ jù, òkè rẹ̀ sì pọ̀ fún ilẹ̀ tó ní. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n to àwọn ọdún sórí ìlà: 1697, tí Faransé gba ìwọ̀-oòrùn, 1804, tí Haiti gba òmìnira, 1825, tí Faransé ní kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù faransì, tí wọ́n wá dín kù sí 90 mílíọ̀nù lọ́dún 1838. Ẹ fi ti igi kún un: èédú ni ọ̀pọ̀ ń fi dáná ní Haiti, nígbà tó jẹ́ pé ìjọba Ààrẹ Balaguer ní Dominican Republic fi ológun lé àwọn agégẹdú.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di gbèsè 1825 nìkan mú, ẹ ní kó ṣàlàyé òjò fún yín. Èyí tó bá di òjò nìkan mú, ẹ bi í pé báwo ni apá gbígbẹ yẹn ṣe jẹ́ ilẹ̀ amúnisìn tó lọ́rọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1789, iṣẹ́ ta ni ọrọ̀ náà, àti ibo ni wọ́n kó o lọ. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ẹrú ló wà níbẹ̀ nígbà náà.